Ìdí Ọkọ̀

Ẹ́ńjìnnì tí mo rà tóbi ju ọkọ̀ mi lọ.
Ẹ jẹ́ n tètè sọ ọ́, kí ẹlòmíì tó bá mi sọ ọ́.
Ẹṣin ogójì, lẹ́yìn ọkọ̀ tí ẹṣin mẹ́jọ ti ń tì láti ayé bàbá mi,
tí ń kó yanrìn láti ìsàlẹ̀ odò wá sábẹ́ afárá Lafẹ́nwá.
Ọjọ́ kẹta tí mo so ó mọ́ ọn, mo yí ọwọ́ rẹ̀,
iwájú ọkọ̀ gbéra sókè bí imú ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí owó,
ìdí sì ké.

Kì í ṣe igbe ńlá.
Bí ìgbà tí àgbàlagbà bá dìde lórí àga tó ti gbó.
Omi yọjú lẹ́sẹ̀ pákó,
ó wò mí, ó wọlé.

Bàbá Ṣóbándé ò bá mi wí.
Ó yí òòlù padà, ó fi èèkù rẹ̀ kan pákó ìdí náà
láti ọ̀tún lọ sí òsì, bí ẹni ń kan ilẹ̀kùn àna.
Kó, kó, kó, ni igi wí.
Kó, kó.
Ó dé ibi tí bóòtù gbà wọlé: bù.
Ó tún kàn án. Bù.
"Ibí yìí ò dá ẹ lóhùn mọ́."
Ó ti ọ̀bẹ bọ̀ ọ́, ọ̀bẹ wọlé bí ẹni wọ iṣu sísè,
ó fà á yọ, ó gbé e sí mi nímú:
òórùn ewé tó kú sínú ìkòkò.

Ọdún mẹ́fà ni mo fi ń wo ọ̀dà funfun tó ń dán níta.
Ihò mẹ́rin péré, tẹ́nikẹ́ni ò fi nǹkan dí etí wọn,
ibẹ̀ lomi ti ń jẹ ẹ́,
díẹ̀díẹ̀, bí ọmọdé tí ń jí ṣúgà lá.

Mo ní kó bá mi lẹ̀ ẹ́.
Ó ní, "Aṣọ là ń lẹ̀."
Ó rẹ́ ẹ títí eruku ayùn fi kúrò ní dúdú,
tó pọ́n bí gààrí olépo.
Pákó ìrókò méjì ló fi rọ́pò ẹyọ kan,
iṣan ọ̀kan dùbúlẹ̀, iṣan èkejì dúró,
gúlùù láàárín wọn.

Ó wá ní kí n lọ wá igi wíwọ́.
Mo rẹ́rìn-ín. Bàbá, ṣé igi wíwọ́ kọ́ ní ń da iná rú?
Ó ní, "Ṣé mo ń dáná ni?"

Ọ̀nà Ìbẹ̀rẹ̀kòdó ni mo ti rí i,
gbòǹgbò apá kan tí katapílà hú síta,
tó tẹ̀ fúnra rẹ̀ láti inú ilẹ̀ wá.
Bàbá là á sí méjì, ó pè wọ́n ní ìkúnlẹ̀:
orúnkún lórí ilẹ̀ ọkọ̀, àyà lára pákó ìdí,
kí ẹ́ńjìnnì máa ti pákó,
kí pákó máa ti ìkúnlẹ̀,
kí ìkúnlẹ̀ pín in fún gbogbo egungun ọkọ̀ títí dé iwájú.
"Ìdí kì í dá ẹrù rù," ló wí,
"ìwọ ọmọ Abẹ́òkúta, ó yẹ kó o mọ fífẹ̀yìnti nǹkan."

Ihò bóòtù tuntun, ó kọ́kọ́ lù ú tóbi,
ó fi gúlùù dí i pa, ó wá lu kékeré sáàárín rẹ̀,
kómi tó bá gba ibẹ̀ má rí igi fojú kàn.
Owó tí mo nà sí i, kò gbà ju ìdajì lọ.
Ó ní kó gbẹ fún ọjọ́ mẹ́ta ná,
kí n padà wá lẹ́yìn tí mo bá fi kó yanrìn.

Ẹ́ńjìnnì náà wà lẹ́sẹ̀ ibùsùn wa báyìí.
Mọrẹ́nikẹ́ ní òórùn epo ti wọ aṣọ ọmọ.
Nígbà tí iná lọ, ó bi mí lẹ́ẹ̀kan
ibi tí mo ń fi ẹṣin ogójì sáré lọ.
Odò ń kún. Wọ́n ní wọ́n á ṣí omi Ọ̀yán lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.
Mo bá ara mi lóru, tí mo ń fi ìka kan pákó ibùsùn,
kó, kó,
tí mo ń sún díẹ̀, tí mo tún ń kàn án,
tí mo dẹtí.